John Scott Haldane, Ẹni Tí Ó Kọ́ Àwọn Òmùwẹ̀ Bí A Ti Ń Gòkè

Iṣẹ́ pọ̀ láyé tí ẹni tí ń ṣe é kì í mọ̀ bóyá òun yóò padà sílé láàyè. Ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́ àwọn òmùwẹ̀ tí ń wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ láti tún ìdí ọkọ̀ ṣe, tàbí láti yọ ẹrù inú ọkọ̀ tí ó ti rì. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ìgbà tí òmùwẹ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sínú òkùnkùn omi ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn rí láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ ni ó ń sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà, tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí, tí ó sì ń padà sókè tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ lára rẹ̀ tán, tí ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ni ìrora yóò dé sí oríkèé ara rẹ̀. Òmíràn a di arọ. Òmíràn a sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Gígòkè ni ó ń pa wọ́n, kì í ṣe sísọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin tí ó wá ọ̀nà tí òmùwẹ̀ yóò fi máa gòkè láìfarapa ni John Scott Haldane, ọmọ ilẹ̀ Scotland.

A bí Haldane ní oṣù karùn-ún ọdún 1860, ní ìlú Edinburgh, tí í ṣe olú-ìlú Scotland. Ìdílé ọlọ́lá ni ó ti jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Richard, di ènìyàn ńlá nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jẹ́ mínísítà fún ọ̀ràn ogun láti 1905 títí di 1912. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìjọba kò wọ John létí. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kọ́ ní Yunifásítì Edinburgh, ó sì gba oyè dókítà ní 1884. Dípò kí ó ṣí ilé ìwòsàn, kí ó sì máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀, ó yàn láti wádìí ohun kan tí gbogbo ènìyàn ń lò láìkà á sí, èyíinì ni afẹ́fẹ́ tí a ń mí.

Ìlú Dundee ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lóru, nígbà tí àwọn tálákà bá ti sùn, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kan ilẹ̀kùn wọn, wọn a sì gba díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ yàrá tí ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ há sí, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wọ inú ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì wọ inú kòtò tí ìdọ̀tí ìlú ń gbà kọjá. Ní 1887, Haldane lọ sí Oxford, níbi tí arákùnrin ìyá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni ó sì fi ṣe ilé títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní 1891, ó gbé Louisa Kathleen Trotter níyàwó. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: Jack, tí a bí ní 1892, tí òun náà di onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn, àti Naomi, tí a bí ní 1897, tí ó di òǹkọ̀wé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ Haldane di olókìkí ni iṣẹ́ tí ó ṣe láàrin àwọn tí ń wa èédú nínú ilẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, ihò èédú kan bú gbàmù ní Tylorstown, ní ilẹ̀ Wales, ènìyàn 57 sì kú. Gbogbo ènìyàn rò pé iná àti ìbúgbàmù náà ni ó pa wọ́n. Haldane wọ inú ihò náà, ó sì yẹ òkú wọn wò. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fara gbọgbẹ́ rárá, àti pé awọ ara wọn pọ́n bí ti ẹni tí ó sùn lásán. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní carbon monoxide ni ó pa wọ́n. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n a máa gba ààyè oxygen nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Báwo ni Haldane ṣe mọ àmì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Òun tìkára rẹ̀ ti fa afẹ́fẹ́ náà símú rí nínú yàrá ìwádìí rẹ̀. Bí ara rẹ̀ ti ń rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ ohun gbogbo tí ó ń rí sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi lè gbé e mọ́. Ó wá gba àwọn awakùsà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú ẹ̀dá kékeré bí èkúté tàbí ẹyẹ ìbákà dání wọ inú ihò. Mímí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí yára ju ti ènìyàn lọ, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà níbẹ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ ṣubú, àwọn awakùsà yóò sì ráyè sá jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lo ẹyẹ ìbákà báyìí nínú ihò èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwà rẹ̀ nìyí jálẹ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tí kò bá tíì fi ara rẹ̀ dán wò, kì í fẹ́ fi lọ ẹlòmíràn.

Ní 1905, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ké sí i. Àwọn òmùwẹ̀ wọn kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí omi bá ti jìn, àwọn tí ó sì lọ síbẹ̀ ń ṣàìsàn tàbí kí wọ́n kú. Kí a tó sọ ohun tí Haldane ṣe, ó yẹ kí a mọ irú ìmúra tí òmùwẹ̀ ń ṣe nígbà náà. Lẹ́yìn tí ó bá ti wọ aṣọ onírun àgùntàn nítorí òtútù, a wọ aṣọ nípọn tí a fi rọ́bà sí kí omi má baà wọlé. Wọn a dé e ní akoto bàbà tí ó ní fèrèsé dígí, wọn a sì wọ̀ ọ́ ní bàtà tí ó ní òjé nídìí kí ó lè rì. Afẹ́fẹ́ tí yóò máa mí ń gba inú ọ̀pá rọ́bà gígùn kan wá láti orí ọkọ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin alágbára ti ń yí ẹ̀rọ tí ń tì í sísàlẹ̀.

Ìṣòro kìíní ni pé bí òmùwẹ̀ bá jìn sísàlẹ̀, èémí rẹ̀ a máa kúrú, àyà rẹ̀ a sì máa já, débi pé kò lè ṣe iṣẹ́ kankan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi tí ó tẹ̀ ẹ́ láyà ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ní 1905 yìí kan náà, Haldane àti Priestley ti fi hàn pé carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, ni ó ń pàṣẹ fún mímí wa. Bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, a ó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Haldane yẹ àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà wò, ó rí i pé wọ́n ń jò, àti pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tì sísàlẹ̀ kò tó láti gbá èémí àmísíta kúrò nínú akoto. Bí omi bá ti ń jìn sí i ni ó yẹ kí àwọn tí ń yí ẹ̀rọ pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n tún èyí ṣe, èémí àwọn òmùwẹ̀ padà bọ̀ sípò.

Ìṣòro kejì ni ó le jù, òun náà sì ni ti gígòkè. Lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ń tẹ̀ wá ní ìwọ̀n kan. Bí ènìyàn bá wọ inú òkun dé ẹsẹ̀ bàtà 33, ìtẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Ní ẹsẹ̀ bàtà 66, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Ní 99, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, èyí tí ó pọ̀ jù ni nitrogen, tí ara kò lò fún ohunkóhun. Bí ìtẹ̀ bá pọ̀, nitrogen yìí a máa yòrò sínú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá òmùwẹ̀ bí iyọ̀ ti í yòrò sínú omi. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nísàlẹ̀, kò ní ṣe é ní ibi. Ṣùgbọ́n bí ó bá sáré gòkè, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣí lójijì yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Kí a tó ṣí ìgò náà, ohun inú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Bí a bá ti já ìdérí rẹ̀ báyìí, ìfófòó yóò yọ. Irú ìfófòó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, tí ó ń fa ìrora sí oríkèé, tí ó sì ń sọ ènìyàn di arọ bí ó bá dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Paul Bert, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ti fi èyí hàn ní 1878. Ó ti sọ pé kí òmùwẹ̀ máa rọra gòkè. Ṣùgbọ́n báwo ni kí ó ti rọra tó? Ibo ni kí ó ti dúró, ìṣẹ́jú mélòó ni kí ó sì dúró? Kò sí ẹni tí ó mọ̀.

Haldane, Arthur Boycott tí í ṣe dókítà, àti Guybon Damant tí í ṣe ọ̀gágun ojú omi, ni wọ́n jọ dá ọwọ́ lé e. Ní London, wọ́n lo yàrá irin ńlá kan tí a lè ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí ìtẹ̀ rẹ̀ yóò fi tó ti ìsàlẹ̀ òkun. Ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀, nítorí pé ara ewúrẹ́ tóbi tó láti fi wé ti ènìyàn. Ewúrẹ́ kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n bí ìfófòó bá wọ oríkèé rẹ̀, a máa ká ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Àmì yìí ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn ìdánwò lórí ìdánwò, Haldane rí òfin kan tí ó farasin: bí ara bá ti wà lábẹ́ ìtẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin, a lè mú un wá sí ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ewu, gẹ́gẹ́ bí a ti lè mú un láti ìlọ́po méjì wá sí ẹyọ kan. Ohun tí ó ń pa òmùwẹ̀ ni kí ìtẹ̀ náà dínkù ju ìdajì lọ lójijì.

Ìtumọ̀ èyí ni pé òmùwẹ̀ tí ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 99 lè gòkè kíákíá dé 33. Níbẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí dúró díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí nitrogen yóò fi máa gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá ń lọ́ra láti ìsàlẹ̀ pátápátá gẹ́gẹ́ bí àwọn ti àtijọ́ ti ń ṣe, nitrogen yóò tún máa pọ̀ sí i lára rẹ̀ ni. Haldane mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ara ni ó ń gba nitrogen bákan náà: ẹ̀jẹ̀ yára, ọ̀rá sì lọ́ra. Ó pín ara sí ọ̀nà márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti yára sí, ó sì ṣírò ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n yàrá irin kì í ṣe òkun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1906, wọ́n kó ìṣirò náà lọ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Scotland, ní agbègbè Rothesay ní erékùṣù Bute. Níbẹ̀, òkun wọ inú ilẹ̀ láàrin àwọn òkè bí ọ̀sà tóóró, omi rẹ̀ sì jìn gidigidi. Omi náà tutù, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn pàápàá. Bí ènìyàn bá sì ti sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a dínkù, ohun gbogbo a sì di àwọ̀ ewé ṣíṣú. Ọkọ̀ ogun kan tí ń jẹ́ Spanker ni wọ́n lò. Damant fúnra rẹ̀ àti Catto, òmíràn nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi, ni wọ́n wọ omi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jìn sí i, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, tí wọ́n sì ń gòkè gẹ́gẹ́ bí ìwé ìṣirò Haldane ti là á sílẹ̀, wọ́n a dúró níhìn-ín, wọ́n a tún dúró lọ́hùn-ún. Níkẹyìn, wọ́n dé ẹsẹ̀ bàtà 210, níbi tí ìtẹ̀ náà ju ìlọ́po méje lọ. Kò tíì sí òmùwẹ̀ tí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jìn tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Àwọn méjèèjì sì gòkè wá ní àlàáfíà.

Haldane mú ọmọ rẹ̀ Jack, ọmọ ọdún 13, dání lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìdánwò parí, ó jẹ́ kí wọ́n wọ ọmọ náà ní aṣọ òmùwẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú òkun. Aṣọ náà tóbi jù fún un, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú rẹ̀. Jack kò bẹ̀rù. Ó ṣe bí wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì fà á sókè láìfarapa. Àwọn kan lè bá bàbá náà wí, bóyá wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn nìkan ni ó gbé lé orí ìṣirò rẹ̀.

Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní 1908, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á. Lẹ́yìn náà ti Amẹ́ríkà gbà á pẹ̀lú. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, tí àwọn ará Jámánì fi afẹ́fẹ́ olóró bá ọ̀tá jà ní 1915, Haldane ni ìjọba rán lọ sí Faransé láti mọ ohun tí ó jẹ́. Ó mọ̀ pé chlorine ni. Ó padà sí Oxford, ó tún fa afẹ́fẹ́ náà símú fúnra rẹ̀ kí ó lè wá ohun tí àwọn ọmọ ogun yóò fi bo imú.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ fún ìwé ìṣirò náà wá láti etíkun àríwá Ireland. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1917, ọkọ̀ Laurentic, tí ó ń gbé ọ̀pá wúrà 3,211 lọ sí Canada, kọlu àdó olóró tí àwọn ará Jámánì rì sínú omi nítòsí Lough Swilly. Ènìyàn 354 kú, wúrà náà sì rì pẹ̀lú ọkọ̀. Damant ni ìjọba pè. Omi ibẹ̀ tutù, ìjì rẹ̀ kì í dẹ̀, ó sì ju ẹsẹ̀ bàtà 120 lọ ní jíjìn. Ìjì fọ́ ọkọ̀ náà wómúwómú, yanrìn àti òkúta sì bò ó. Láti 1917 títí di 1924, yàtọ̀ sí àkókò tí wọ́n fi dá a dúró, àwọn òmùwẹ̀ Damant wọ omi náà ju ìgbà 5,000 lọ. Wọ́n kó ọ̀pá wúrà 3,186 jáde. 25 péré ni ó kù. Ohun tí ó wúlò ju wúrà lọ ni pé kò sí òmùwẹ̀ kan tí ó kú sí i. Gbogbo wọn ń gòkè bí Haldane ti ní kí wọ́n máa gòkè.

Haldane kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ogbó. Nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún 75, ó rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Persia láti wádìí bí ooru ti ń pa àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo. Ibẹ̀ ni ó ti dé tí àìsàn fi wọ̀ ọ́, ó sì kú ní Oxford ní oṣù kẹta ọdún 1936.

Ní 1943, Cousteau àti Gagnan ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀rọ tí òmùwẹ̀ lè gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí yóò fi máa mí láìsí ọ̀pá rọ́bà. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun àti àwọn ayọrù-ọkọ̀ di ohun tí olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ń wádìí ẹ̀dá inú òkun lè ṣe. Wọ́n ń wọ inú omi tútù Scotland kan náà tí Damant àti Catto wọ̀. Wọ́n ń rí koríko òkun tí ó ga ju ènìyàn lọ. Wọ́n ń rí akàn, edé ńlá, àti ẹ̀dá abọwọ́-márùn-ún tí ó rí bí ìràwọ̀. Wọ́n ń rí ẹ̀dá funfun kan tí ó lẹ̀ mọ́ àpáta, tí àwọn apẹja ń pè ní ìka òkú nítorí bí ó ti rí. Láyé ìṣáájú, ohun tí àwọ̀n bá wọ́ sókè nìkan ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń mọ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n ti kú tàbí tí wọ́n ti fọ́. Nísinsìnyí, ènìyàn lè lọ bá wọn nílé wọn, kí ó sì padà wá sọ ohun tí ó rí.

Kì í ṣe pé ìṣirò Haldane kò ní àléébù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn onímọ̀ rí i pé ìfófòó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn mọ ìrora kankan, àti pé ó yẹ kí dídúró àwọn òmùwẹ̀ kan pẹ́ ju bí ó ti là á sílẹ̀ lọ. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ń tún un ṣe síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí ó fi lélẹ̀ ni wọ́n ń mọ ilé lé. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn òmùwẹ̀ òde òní ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, tí ń sọ ibi tí wọn yóò ti dúró fún wọn, irú ìṣirò tí ó bẹ̀rẹ̀ lára ewúrẹ́ ní London ni ó ń ṣe.

Àwọn baba wa máa ń wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ òwe yìí láìmọ bí ẹ̀sọ̀ náà ti pọ̀ tó. Haldane kò fi mọ sí pé ó sọ fún àwọn òmùwẹ̀ kí wọ́n ṣe pẹ̀lẹ́. Ó wọn pẹ̀lẹ́ náà fún wọn, ìṣẹ́jú lé ìṣẹ́jú, ẹsẹ̀ bàtà lé ẹsẹ̀ bàtà. Nítorí ìwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ì bá kú sí orí ọkọ̀ ṣe padà dé ọ̀dọ̀ aya àti ọmọ wọn.